Ojú Ẹni Nínú Àwòrán: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Tóyìn Ojih Odutola

Àwọn baba wa a máa wí pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá jókòó níwájú dígí, tí ó mú pépà, tí ó sì fẹ́ ya ojú ara rẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí i pé ọ̀rọ̀ inú ojú náà ju ẹyọ kan lọ. Ojú ta ni yóò yà? Ti ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń kì ni bí, tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé olùkọ́, tàbí ti àlejò ní ìlú onílùú? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ obìnrin kan tí a bí ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1985, Tóyìn Ojih Odutola.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó yẹ kí a rántí Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde (1882–1963), ẹni tí ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906, nígbà tí àwọn òyìnbó kan ń wí pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè ti ọwọ́ ènìyàn dúdú jáde. Ohun tí ó ń wá ni kí àwòrán jọ ojú, ó sì rí i ṣe. Ibi tí Onabolu gúnlẹ̀ sí ni obìnrin yìí ti ṣíkọ̀.

Báírò lásán ni ó fi ṣe iṣẹ́ tí a fi kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Ìrèsì fi ń ṣe ìṣirò. Nígbà púpọ̀, ara rẹ̀ àti àwọn arákùnrin rẹ̀ ni ó ń yà. Kì í kun awọ ara ní dúdú bí ẹni ń kun ògiri. Ìlà wẹ́wẹ́ ni ó ń fà, bí irun tí a dì. Yóò tún fa òmíràn lé e, àti òmíràn lé ìyẹn. Ibi tí ó bá fi pépà sílẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ. Ibi tí yíǹkì bá ti nípọn, a máa dán bí idẹ. Báyìí ni dúdú tí a rò pé ó jẹ́ ọ̀kan di púpọ̀ lójú wa. Maps, èyí ni Àwòrán Ilẹ̀, ni ó pe ìpàtẹ tí ó ṣe ní New York ní 2011. Orúkọ náà tọ́, nítorí ojú tí ó yà dàbí ilẹ̀ olókè àti àfonífojì, tí ènìyàn ní láti rìn já kí ó tó mọ̀ ọ́n.

Baba rẹ̀ Yorùbá ni, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Igbo. Orúkọ ìdílé méjèèjì ni ó ń jẹ́. Ní ọmọdé ni wọ́n mú un lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì dàgbà ní Alabama, níbi tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "dúdú", ti tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti fi pe gbogbo ohun tí ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Kò sẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó gbà á, ó ṣí i bí ìwé, ó sì fi ojú-ewé inú rẹ̀ hàn wá. Ní 2015, nínú ọ̀wọ́ àwòrán tí ó pè ní The Treatment, ó fi yíǹkì dúdú kan náà ya àwọn gbajúmọ̀ ọkùnrin aláwọ̀ funfun. Ẹni tí ó bá wò wọ́n yóò mọ̀ pé díẹ̀ ni àwọ̀ ń sọ. Àwa tí a ń wò ó ni a ń sọ ìyókù.

Èyí kò ṣàjèjì sí Ìgbómìnà. Nínú oríkì, orúkọ ọmọ, orílẹ̀ baba rẹ̀, ìlú tí wọ́n ti ṣí wá àti ìyá tí ó bí i ni a ń tò lé ara wọn, ọ̀kan kì í sì í pa èkejì rẹ́.

Síbẹ̀ a rí àléébù kan. Oríkì ń fọhùn. Àwòrán wọ̀nyí dákẹ́. Orí pépà funfun ni ojú náà máa ń dá dúró sí, kò sí ilé, kò sí igi, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹwà ìlà fi lè dá aláìfarabalẹ̀ dúró sórí awọ lásán. Nínú ìpàtẹ rẹ̀ ní Whitney, ní New York, ní 2017, ó lo ẹfun aláwọ̀, èédú àti pẹ́ńsùlù láti ya ìdílé ọlọ́lá méjì tí ó fi ọkàn rò. Níbẹ̀ a rí iyàrá àti aṣọ, a sì mọ ibi tí ènìyàn dúró sí. Ṣùgbọ́n, ní tiwa, ojú wọn kò fà wá mọ́ra tó ti àtijọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, iṣẹ́ yìí wúlò fún kíláàsì yín. Báírò kò ṣeé parẹ́. Ìlà tí ọmọ bá ṣì fà, òmíràn ni yóò fà lé e, èyí àkọ́kọ́ yóò sì wà lábẹ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ fún wọn ní pépà àti dígí kékeré, kí olúkúlùkù ya ojú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ gbogbo orúkọ tí a ń pè é sí ẹ̀yìn pépà, nílé, ní ilé-ìwé àti lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà. Kí olùkọ́ ka ẹ̀yìn pépà náà kí ó tó fún un ní máàkì.