Àgbéyẹ̀wò Àpẹẹrẹ Orúkọ nínú Ìwé Ìkọ́ni nípa Àkójọ Dátà: Bí Ó Ṣe Rí ní Sakasaka

1.0 Ìfáárà

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ó bá ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ìbáà jẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Tamale, yóò kọ́ nípa ètò ìṣàkóso àkójọ dátà kí ó tó gboyè. Lára àwọn ìwé tí ó gbajúmọ̀ jù lórí ẹ̀kọ́ yìí ni ti C. J. Date, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1975, àti ti Elmasri àti Navathe, tí ó jáde ní 1989. Àríwísí tí ó wà níhìn-ín kò kan ìṣirò inú wọn rárá. Àpẹẹrẹ inú wọn ni ó kàn, pàápàá jù lọ orúkọ ènìyàn àti orúkọ ìlú, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń dá ẹjọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè láìmọ̀.

Sakasaka jẹ́ àdúgbò kan ní Tamale, ìlú tí Yunifásítì fún Ẹ̀kọ́ Ìdàgbàsókè, tí ìjọba Ghana dá sílẹ̀ ní 1992, fi ṣe ibùdó. Dagbani ni èdè ìlú náà. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò Yorùbá ti tẹ́ àtẹ sí ọjà Tamale fún ọ̀pọ̀ ọdún kí 1969 tó dé, J. S. Eades sì kọ ìtàn wọn sínú Strangers and Traders (1993). Bí olùkọ́ kan bá ní akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti Sakasaka wá, àpẹẹrẹ wo ni ó yẹ kí ó gbé ka iwájú rẹ̀?

2.0 Smith àti Ìdòwú

Àtẹ tí Date lò kéré. Olùpèsè ọjà márùn-ún ni ó wà nínú rẹ̀, ẹ̀yà irinṣẹ́ mẹ́fà, àti ẹrù méjìlá tí wọ́n fi ránṣẹ́. Smith, Jones, Blake, Clark àti Adams ni àwọn olùpèsè. London, Paris àti Athens ni ìlú wọn. Ẹwà rẹ̀ kò fara sin. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé gbogbo rẹ̀ sórí, kí ó sì ti mọ ìdáhùn kí kọ̀ǹpútà tó fèsì. Ọ̀pọ̀ ìwé tí ó gun orí rẹ̀ kò ní ìwà pẹ̀lẹ́ yìí. Elmasri àti Navathe ní tiwọn ya òpó mẹ́ta sọ́tọ̀ fún orúkọ òṣìṣẹ́: orúkọ àkọ́kọ́, lẹ́tà kan ṣoṣo fún orúkọ àárín, àti orúkọ ìdílé. John B. Smith wọ inú rẹ̀ rẹ́gí.

E. F. Codd ni ó fi òfin tí ó wà lẹ́yìn èyí lélẹ̀ ní oṣù kẹfà 1970: ohun tí ó bá wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan nínú àtẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ tí kò ṣe é fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹyọ lójú ta ni? Olúfúnmiláyọ̀ jẹ́ odidi gbólóhùn, tòun ti olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀. Ìdòwú ń sọ fún ẹni tí ó gbọ́ ọ pé ìbejì ni a bí ṣáájú ẹni tí ń jẹ́ ẹ. Ìwé a máa fi nọ́ńbà ẹ̀ka iṣẹ́ àti orúkọ ọ̀gá ẹ̀ka ṣàlàyé bí òpó kan ṣe ń gbára lé òmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ a há a sórí. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ti mọ ìgbáralé yìí láti ilé: ẹni tí ó bá mọ ipò ọmọ lẹ́yìn ìbejì ti mọ Ìdòwú àti Àlàbá. Òun kan náà ni yóò sì tètè rí i pé Táíwò kò lè jẹ́ kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń dá ènìyàn kan mọ̀, nítorí Táíwò pọ̀ ládùúgbò.

3.0 Òpó kan fún ìlú

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni òpó tí Date pè ní ìlú. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá 1969, ìjọba K. A. Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gba ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò ní Ghana. (Oṣù méje péré ni ó wà láàárín àṣẹ yìí àti àpilẹ̀kọ Codd.) Ọjà Tamale fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo kúrò lọ́wọ́ àwọn Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó di ẹrù ni a bí sí Ghana.

Ká ní oníṣòwò kan wà tí a bí sí Tamale, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ni yóò kọ sínú òpó náà? Lédè Yorùbá, “Níbo ni wọ́n bí yín sí?” àti “Ọmọ ibo ni yín?” jẹ́ ìbéèrè méjì. Ènìyàn lè jẹ́ ọmọ ìlú tí kò sùn rí. Olùkọ́ tí ó bá mú ọ̀ràn yìí wọ kíláàsì yóò ní àtẹ ènìyàn, àtẹ ìlú, àti àtẹ kẹta tí yóò sọ bí ènìyàn ṣe tan mọ́ ìlú: ibẹ̀ ni a bí i sí, ọmọ ibẹ̀ ni, ibẹ̀ ni ó ń gbé. Ẹ̀kọ́ tí Date fẹ́ kọ́ni gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n níhìn-ín akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìdí tí àtẹ kẹta fi pọn dandan. Òótọ́ ni pé òfin ni ó lé ènìyàn kúrò, kì í ṣe àtẹ. Síbẹ̀ ohun tí ó bá wà nínú òpó ni òfin ń kà.

Àwọn kan yóò ní kí a kúkú túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá tàbí Dagbani. Ìtumọ̀ nìkan kò ní mú Smith kúrò nínú àtẹ.

4.0 Àmì ìsàlẹ̀

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ kù. Lórí ìwé, ẹ́ kan náà ni ojú ń rí, ṣùgbọ́n ó kéré tán ọ̀nà mẹ́ta ni Unicode lè gbà tọ́jú rẹ̀: ẹ tí a fi àmì ohùn lé, é tí a fi àmì sí nísàlẹ̀, tàbí e lásán tí àmì méjèèjì tẹ̀ lé. Unicode ní ètò tí ó ń sọ wọ́n di ọ̀kan, ó sì ṣe kòńgẹ́ pé orúkọ tí Codd fún ètò tirẹ̀ ni Unicode náà fún un. Bí a kò bá lo ètò náà, PostgreSQL yóò ka Kẹ́hìndé kan sí ẹni mẹ́ta. Ìtẹ̀jáde 13, tí ó jáde ní 2020, ni ó kọ́kọ́ fi iṣẹ́ ìsọdọ̀kan yìí sí àrọ́wọ́tó ẹni tí ń kọ SQL.

MySQL gba ọ̀nà òdìkejì. Láti ìtẹ̀jáde 8.0 ti 2018, bí a kò bá yan ìlànà mìíràn fún un, kò ní ka àmì orí àti ti ìsàlẹ̀ sí bí ó bá ń fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá wá oko yóò bá ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ pàdé. Àwọn tí ó ṣe ìlànà náà ka àmì ìsàlẹ̀ sí ọ̀ṣọ́, bẹ́ẹ̀ ara lẹ́tà ni, àwọn ajíhìnrere sì ti fi í ya ìró sọ́tọ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Akẹ́kọ̀ọ́ Sakasaka tí ó bá dán Dagbani wò kò ní rí irú èyí, nítorí ɛ àti ɔ dá dúró bí lẹ́tà, kò sì sí ohun tí yóò pa wọ́n pọ̀ mọ́ e àti o. Yorùbá tí wọ́n fi ɛ àti ɔ kọ ní ilẹ̀ Benin yóò yè bọ́ bákan náà, ó kéré tán ní ti fáwẹ̀lì. Ti Nàìjíríà ni yóò dàpọ̀.