Ìró Irin Lára Òpó Iná
Lóru Ajégúnlẹ̀, títí dé ọ̀nà Kirikiri Lighter Terminal, ìró tí mo fẹ́ràn jù ni ti irin lára òpó iná: gbàn-ín, gbàn-ín. Ọdẹ àdúgbò ni. Àfọ́kù ìgò orí fẹ́ǹsì ò mọ ọmọ ilé yàtọ̀ sí olè. Ọdẹ mọ ìyàtọ̀ wọn. Bó bá fun fèrè, ọdẹ òpópónà kejì á dá a lóhùn.

Lóṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà kónílé-ó-gbélé, tí ẹ̀rù ẹgbẹ́ jàǹdùkú “One Million Boys” gba ìlú kan, àwọn baálé ilé ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó dáná sun táyà, wọ́n ṣọ́de. Aago méjì òru ò tíì lù tí èmi tí mo wà lára wọn ti ń tòògbé. Ọdẹ ṣì ń rìn, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.