Nọ́ńbà Ara Páálí Kò Tó

Bí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ bá ti ń súnmọ́ ni ìbéèrè yìí máa ń pọ̀: “Ààfáà, géèmù wo ni a lè rà fún ọmọ yìí?” Àwọn mìíràn a ní kí òbí ṣáà wo nọ́ńbà ara páálí. Nọ́ńbà náà wúlò lóòótọ́. PEGI ni wọ́n ń lò ní Yúróòpù láti 2003: 3, 7, 12, 16 àti 18. Ṣùgbọ́n ìjà, ìṣekúṣe, ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá àti tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń fi í ṣọ́. Kò sọ bí géèmù ṣe le tó. Èyí tí ó le bí ojú ẹja lè gba 3.

Ẹ wo The Legend of Zelda: Breath of the Wild, tí Nintendo gbé jáde ní 2017. Géèmù ìrìn-àjò tí ó dára púpọ̀ ni. Link jí lẹ́yìn oorun 100 ọdún, gbogbo ilẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún un láti rìn. PEGI fún un ní 12, àwọn ará Amẹ́ríkà ní ọmọ ọdún 10 lè ṣe é. Àwọn fúnra wọn kò fẹnu kò. Nínú rẹ̀, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ kan máa ń tan iná pupa sí Link lára kí ó tó yìnbọn. Lóru mìíràn, òṣùpá á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, gbogbo abàmì tí ọmọ ti pa á sì jí dìde. Ọmọ ọdún 6 tí ó bá rí èyí kí ó tó sùn, ìyá rẹ̀ ni yóò bá a ṣe àìsùn.

Ohun kan tún wà tí nọ́ńbà kankan kò ní sọ. Kí agbára Link lè pọ̀ sí i, ó ní láti gbàdúrà níwájú ère òrìṣà obìnrin kan. A kò ní kí ẹ sun páálí náà níná. Ọmọ ọdún 13 tí ó mọ ìyàtọ̀ láàrin ìtàn àti ìgbàgbọ́ lè bá wa jíròrò lé e lórí, a sì máa ń gbádùn irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Fátíhà ńkọ́?

Ní tiwa, A Short Hike tí Adam Robinson-Yu ṣe ní 2019 ni a fẹ́ràn jù fún ọmọ kékeré. Ọmọ ẹyẹ kan, Claire, ń retí ìpè lórí fóònù, ṣùgbọ́n orí òkè nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì wà. (Ta ni kò mọ èyí nílùú wa!) Kò sí ọ̀tá, kò sí ikú. Ìyẹ́ wúrà ni ó ń wá kiri kí ó lè gun òkè síwájú sí i, ó sì ń ṣe oore fún àwọn tí ó bá pàdé lọ́nà. Ìpè tí ó ń retí, a kò ní sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí òbí wà nítòsí, nítorí ọmọ lè béèrè bóyá ara ìyá tirẹ̀ le.

Àbùkù rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kíkà pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí Yorùbá níbẹ̀. Ẹni tí kò tíì mọ̀wé kà yóò wá ẹni tí yóò kà á fún un. Ṣé àbùkù tilẹ̀ ni? Ìgbà tí a jókòó ti ọmọ, tí à ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹyẹ fún un, ni a mọ ohun tí ń bà á lẹ́rù àti ohun tí ń pa á lẹ́rìn-ín.

Bí Minecraft ni ó bá ti wà nílé, ẹ yí i sí Peaceful kí àwọn òkú tí ń rìn má bàa jáde lóru. Kí ẹ sì ti ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pa, nítorí àjèjì tí ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ kò sí nínú nọ́ńbà ara páálí.