Bloody Nínú Ọ̀rọ̀: Ṣé Àfòmọ́ Àárín Ni?

Ìsọkúsọ tí kò ní òfin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá inú èdè Gẹ̀ẹ́sì sí. Àròkọ John McCarthy ti 1982 ta ko èrò yìí. Ó fi hàn pé fan-bloody-tastic bófin mu, ṣùgbọ́n fanta-bloody-stic kò bófin mu, nítorí pé ààlà ìsọ̀rí sílébù tí ìtẹnumọ́ ń darí nìkan ni bloody lè wọ̀ sí. Àlàyé yìí múná dóko. Orúkọ tí ó fún un, àfòmọ́ àárín, ni ó mú iyèméjì wá. Nínú ọmọkọ́mọ, -kí- kò lè dá dúró, ó sì sọ ìtumọ̀ ọmọ di ọ̀tun. Bloody ń dá dúró ní tirẹ̀: èyí tí Eliza sọ nínú Pygmalion, eré Shaw, ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1914, tí ó di ariwo, kò wọ inú ọ̀rọ̀ kankan. Kò sì fi nǹkan kan kún ìtumọ̀ fantastic. Ìmọ̀lára asọ̀rọ̀ ni ó gbé jáde. Zwicky àti Pullum kíyè sí èyí ní 1987, wọ́n sì ya irú ìhun bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára mọfọ́lọ́jì gidi. Olùkọ́ tí ó bá tò ó mọ́ -kí- lójú pátákó yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà nínú èdè méjèèjì.