Ìwà Tí Wọ́n Fi Ọkọ́ Kọ́ ní Ìkẹ́nnẹ́

Ní ọdún 1956, Táí Ṣólàrín àti Sheila ìyàwó rẹ̀ dá iléèwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Ohun tí mo mọrírì jù nínú iṣẹ́ wọn ni ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ ọmọ ní ìwà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń roko, wọ́n ń sin ẹran, wọ́n sì ń lọ́wọ́ nínú kíkọ́ ilé tí àwọn fúnra wọn ń lò. Táí tó jẹ́ ọ̀gá wọn nígbà náà kì í jókòó sí ọ́fíìsì kó máa pàṣẹ lásán. Òun náà á wọ ṣòkòtò péńpé rẹ̀, á dé fìlà, á bá wọn ṣe é.

Ọ̀pọ̀ iléèwé wa ti sọ oko ríro di ìyà ẹni tó pẹ́ dé. Ó dùn mí gan-an, nítorí ọmọ tó bá ti ka ọkọ́ mọ́ ìyà yóò kórìíra iṣẹ́. Ní Mayflower, oko ríro jẹ́ ojúṣe gbogbo ọmọ, ọkùnrin àti obìnrin, ọmọ olówó àti ọmọ mẹ̀kúnnù. Ta ni yóò da ìdọ̀tí sí àgbàlá tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbá? Ta ni yóò ba ògiri tó bá wọn ru búlọ́ọ̀kù rẹ̀ jẹ́?