Róbótó Funfun Lẹ́bàá Ẹnu

Bí ẹ bá ṣí Iyanu, ìwé àwòrán tí Roye Okupe kọ, tí Godwin Akpan sì yà, ilẹ̀ Yorùbá ni ẹ bá: orúkọ, aṣọ, odi ìlú, ọmọbìnrin aláìlóbìí tí agbára ń bẹ lára rẹ̀. Ẹ wá wo inú róbótó funfun tó wà lẹ́bàá ẹnu àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń sọ. Dark Horse ní Amẹ́ríkà ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2021, ó sì di eré orí tẹlifíṣọ̀n ní 2025. N kò bá Okupe jà. Èdè ọjà tó ń ná ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ èdè yìí ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí i.

Akinọlá Láṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí wọ́n bí ní 1916, ni mo kà sí bàbá iṣẹ́ àwòrán báyìí láàrin wa. Láti 1944 ló ti ń ya àwòrán ìṣèlú sínú West African Pilot, ìwé ìròyìn Azikiwe, tó ń fi "Lash" sí ìdí wọn. Ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fi gègé bá ìjọba amúnisìn jà, ó sì máa ń kọ orúkọ sára àwòrán kí òǹkàwé má bàa ṣì í mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ wọ̀nyẹn. Ahọ́n Ọ̀wọ̀ ní ìró "gh" tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní, ṣùgbọ́n kò ráyè wọ inú Pilot.

Ní 1976, Wálé Adénúgà, tó ti ń yàwòrán fún ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Èkó, gbé ìwé àwòrán ẹ̀fẹ̀ Ikebe Super jáde. Àwa tí a fi í pamọ́ sínú ìwé ìṣirò kà á mọ ikùn Papa Ajasco, ẹ̀dá inú rẹ̀, ju ti bàbá wa lọ. Yorùbá ni ikùn náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá. Ibi tí Yorùbá ti sọ̀rọ̀ dáadáa nínú àpótí àwòrán ni Atọ́ka, ìwé eré oní-fọ́tò tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, níbi tí àwọn òṣèré tíátà ti dúró síwájú kámẹ́rà. Ẹ ò rí nǹkan! Kámẹ́rà gba èdè wa, gègé gba Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ararọ̀mí, ní etíkun Ìlàjẹ, níbi tí "gh" ti wà lẹ́nu wọn bíi ti Ọ̀wọ̀. Ẹni tó bá jókòó yàwòrán níbẹ̀ kò ní wá ìtàn lọ jìnnà: òkun ń jẹ ilẹ̀ etíkun yẹn, bó ti jẹ Ayétòrò, ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀dó ní 1947. Yíyà omi gan-an ló nira. Igbó a máa fi igi pín ojú ewé fún ayàwòrán. Òkun kò fún un ju ìlà kan lọ. Ohùn ló máa ya àpótí kan sọ́tọ̀ sí èkejì níbẹ̀: ẹnì kan ké láti inú ọkọ̀, ẹlòmíràn dáhùn lórí afárá pákó. Bí ohùn yẹn bá di Gẹ̀ẹ́sì, ibòmíràn la yà.

Ta ni yóò wá san owó irú àwòrán bẹ́ẹ̀? Láṣekan ní owó oṣù, ó sì ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ní Nsukka. Adénúgà ni ó ni ìwé tirẹ̀. Okupe kọ́kọ́ tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù lè gbé àwòrán dé Èkó láìdúró de ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí ìlú Igbókòdá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni etíkun yẹn fi wà láìsí iná ìjọba, ẹni tó ń fi fóònù yàwòrán níbẹ̀ sì mọ iye tí wọ́n ń ta bẹntiróòlù tó ń fún un níná.