Omi Tàbí Afẹ́fẹ́: Ẹ́ńjìnnì Wo Ló Mọ Òkè Wa?

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì fi àwòrán alùpùpù kan hàn mí: Royal Enfield Himalayan 450, tó jáde ní 2023. Òun ni àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe tó jẹ́ pé omi ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Ó ní, “Èyí ni alùpùpù. Boxer tí bàbá yín ń gùn ti di ti àná.”

Boxer àná yìí ni wọ́n fi ń san owó ilé-ìwé mi. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè fi ẹ̀rín gba ọ̀rọ̀ náà.

Èyí tó ju ìdajì lọ nínú agbára epo tí ẹ́ńjìnnì kékeré ń jó ló ń di ooru. Ooru náà gbọ́dọ̀ jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, písítìn á wú, á sì há sínú sílíńdà. Lára Boxer, àwọn irin pẹlẹbẹ tó tò yíká sílíńdà bí ojú ìwé ló ń tú u jáde. Atẹ́gùn ìrìn á gba àárín wọn, á gbé ooru lọ. Mọ́tò Volkswagen tí àwọn àgbà ń pè ní Ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975, kò lo omi bákan náà. Fáànù ló ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì tirẹ̀. Ní ti olómi, pọ́ńpù ló ń ti omi kiri inú ẹ́ńjìnnì, tí omi á sì gbé ooru lọ sí rédíétọ̀.

Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Suzuki ti fi omi sí GT750 ní 1971. BMW, tí afẹ́fẹ́ mọ́ lára, fi omi kún ti R1200GS ní 2013. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù lórí èéfín àti ariwo wà lára ohun tó ti àwọn ilé-iṣẹ́ síbẹ̀: omi ń jẹ́ kí ooru dúró lójú kan, ó sì ń bo ariwo mọ́lẹ̀. N kò lè bú ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n tún gbè sẹ́yìn ọ̀rẹ́ mi díẹ̀. Atẹ́gùn ìrìn ni mo wí. Bí ìrìn bá falẹ̀ ńkọ́? Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa, Oke-Ero, òkè ló fi bẹ̀rẹ̀. Bí bàbá mi bá ń gun òkè bọ̀ láti oko, iṣu àpò méjì lẹ́yìn wọn, èrò kan láàárín, jíà kìíní ni wọ́n ń lò. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jù ni atẹ́gùn kéré jù, nínú oòrùn oṣù kẹta. Àbùkù ńlá ni, àwọn tó ń yin afẹ́fẹ́ kì í sì í sọ ọ́. Àwa náà ń dá kún un. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ á dí àárín àwọn irin náà, á gbẹ síbẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà mìíràn á ta rọ́bà síwájú ẹsẹ̀ kí omi má ta sí wọn lára, wọn kò mọ̀ pé atẹ́gùn ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń dí. Mo ti họ ẹrẹ̀ kúrò lára Boxer wa rí, ó kún agolo mílíìkì.

Ṣùgbọ́n ìwòsàn rẹ̀ ńkọ́? Bàbá mi á dúró lábẹ́ igi, wọ́n á pa á, wọ́n á bá ẹni tó ń kọjá sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n á máa lọ. Kọ́bọ̀ kò jáde. Kí òkúta wá lu rédíétọ̀ lójú ọ̀nà oko yẹn kan náà: omi á dà, alùpùpù kò sì gbọdọ̀ rìn mọ́. Ẹni tó bá bu omi odò sí i, ẹrẹ̀ àti ìpẹtà ló bù síbẹ̀. Bajaj pàápàá mọ èyí. Wọ́n fi omi sí Pulsar NS200 tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń sáré, wọ́n sì fi Boxer tó ń ru ẹrù sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Àwòrán inú fóònù kò fi mẹkáníìkì hàn wá.

Mo ka gbogbo èyí fún ọ̀rẹ́ mi. Ó ní, “Tó bá wá nọ́ọ̀kì lórí òkè lọ́la, ta ló máa san owó WAEC rẹ?”

N kò rí èsì fọ̀. Nígbà tí mo délé, mo wá igi tín-ín-rín kan, mo jókòó ti Boxer, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í họ ẹrẹ̀.